Ààwẹ̀ Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Wọn Eré Ẹ̀ríolúwa

Ẹ̀rù ń ba Mọ́wùnmí bó ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù ní Thamesmead, nílùú London, lọ́sàn-án Sátidé yẹn, lọ́dún 2015. Ẹ̀ríolúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń na ara. Lónìí ni wọ́n máa wọn bí eré rẹ̀ ṣe yá tó. Bó bá yá, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù á fún un ní contract. Bí kò bá yá, ó dìgbóṣe nìyẹn.

Ìdí tí ìyá rẹ̀ fi kéde ààwẹ̀ nìyí. Ààwẹ̀ ẹlẹ́nu-gbígbẹ ni o! Láti àná, omi pàápàá kò kan òun àti ọmọ lẹ́nu. Aládùúrà paraku ni Mọ́wùnmí. Ààwẹ̀ ló fi gba ìwé ìgbélùú, ààwẹ̀ ló fi rí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó ń ṣe ní Woolwich, ta ló máa wá sọ fún un pé ààwẹ̀ kì í ṣiṣẹ́? Ó sì ti kìlọ̀ fún ọmọ: "Ẹni bá ba ààwẹ̀ jẹ́ láàárín, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i, kó má bi mí o."

Asher, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní eré sísá, wá dúró tì í. Barnfield Estate ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kò sì mọ ẹni tó yẹ kó sọ "ẹ" fún.

"Auntie, o ò jókòó?"

"Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí wọ́n sáré," ni Mọ́wùnmí wí. "Wọ́n á sá díẹ̀, wọ́n á dúró bí ẹni ń dúró de bọ́ọ̀sì."

Asher bú sẹ́rìn-ín. "Bí a ṣe ń kọ́ speed nìyẹn. Tí wọ́n bá ń sá nígbà tó ti rẹ̀ wọ́n, àárẹ̀ ni mò ń kọ́ wọn, kì í ṣe speed. Wọ́n á sá ìwọ̀nba pẹ̀lú gbogbo agbára, wọ́n á sinmi dáadáa, wọ́n á tún sá. Kí ẹnikẹ́ni tó sá full, mo máa bi í bóyá ó sùn, bóyá ó jẹun. Iṣan ẹ̀yìn itan ló ń fa ẹsẹ̀ padà. Tí ara bá gbẹ, ó lè já. Mo mọ ẹnì kan tí tiẹ̀ já, kò sáré bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ẹ̀rí ńkọ́?"

"Ó ní òun jẹ porridge."

Yéè! Àyà Mọ́wùnmí já. Ọmọ yìí purọ́ nítorí òun. Asher ti kọjá sí òdìkejì, níbi ẹ̀rọ tó ń ka eré. Ẹ̀rí bẹ̀rẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń gbéra, ó ń lá ètè, ó ń fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn itan. Tí ìyá bá pariwo, àdúrà ti bàjẹ́, contract lè lọ. Tó bá dákẹ́, ẹsẹ̀ ọmọ ńkọ́? Asher gbọ́wọ́ sókè.

Mọ́wùnmí kì í ṣe ẹni tó ń sáré, àmọ́ ó sá a lọ́jọ́ náà. Bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò wẹ̀yìn.

"Ẹ̀rí, má sá a! Coach, kò jẹ nǹkan kan! Èmi ni mo ní kó gbààwẹ̀!"

Asher sọwọ́ kalẹ̀, ó wá bá wọn, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mú omi àti bànáná kan nínú báàgì, ó nà án sí ọmọ.

"Kò ní sá lónìí. Jẹun."

Ẹ̀rí fà sẹ́yìn. "Mummy, mi ò lè jẹ ẹ́. Ẹ ní nǹkan máa ṣẹlẹ̀ sí mi."

Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá rí i pé kì í ṣe eré ló ń ba ọmọ yìí lẹ́rù látàárọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu òun ni. Ó gba bànáná náà, ó bó o, ó bù ú jẹ, ó gbé e mì níṣojú ọmọ.

"Wò mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ bà á jẹ́. Tí nǹkan kan bá máa ṣẹlẹ̀, orí mi ni kó ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rí gba èyí tó kù. Asher ní òun máa bá àwọn ọ̀gá sọ ọ́, bóyá wọ́n á fún un ní ọjọ́ mìíràn, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí.

"Mummy, tí wọ́n bá lé mi ńkọ́?"

"N ò mọ̀, ọmọ mi." Ẹ̀rù ń ba òun náà gan-an. Ó ṣí ìdérí omi, ó gbé e sí i lẹ́nu. "Mu ún ná."