Níwájú Àgbọ̀nrín Ayé Àtijọ́

“Ògúnwálé!”

Láti ọjọ́ tí Àrìnpé ti dáyé, kò pe bàbá rẹ̀ lórúkọ rí. Ta ni í pe bàbá tó bí i lórúkọ gbàgbà? Lónìí, ó ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín èrò, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Manhattan, kò sì sẹ́ni tó dáhùn.

Omi ló lọ rà. Ó ní kí bàbá má kúrò lórí bẹ́ńṣì. Ìgbà tó padà dé, fìlà wọn nìkan ló jókòó síbẹ̀.

Shirley, aládùúgbò wọn ní Co-op City, ló gbà á nímọ̀ràn. Ó ní bí ọdẹ àgbà bíi ti bàbá bá rí ẹranko, iyè rẹ̀ lè sọ. Àrìnpé ń fi ara rẹ̀ bú báyìí. Ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lóṣù tó kọjá, dókítà sọ fún un pé àìsàn ìgbàgbé yìí yóò kọ́kọ́ mú orúkọ àwọn ọmọ lọ, yóò sì wá mú ti bàbá fúnra wọn. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá pe bàbá lórúkọ tí wọn ò dáhùn, kí Àrìnpé mọ̀ pé àìsàn náà ti débẹ̀ nìyẹn.

Gbọ̀ngàn kejì ló ti rí wọn. Egungun àgbọ̀nrín kan ló dúró síbẹ̀, irú èyí tó ti kú run láyé láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìwo rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn méjì tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Bàbá fara pamọ́ sẹ́yìn òpó, wọ́n ń wò ó láìṣẹ́jú.

“Ògúnwálé!”

Wọn ò mira. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín wọn, etí bàbá sì mú. Ó ti débẹ̀. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó sáré dì wọ́n léjìká mú, ṣùgbọ́n bàbá yára fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu.

“Ìwọ yìí, ta ni í pe ọdẹ lórúkọ nínú igbó?” Wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ṣé o fẹ́ kó mọ̀ mí ni?”

“Bàbá, museum la wà. Ó ti kú tipẹ́.”

“Òkú ẹran a máa dúró?”

Ìgbà náà ni Àrìnpé rántí. Ní Ṣakí, ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe bàbá lórúkọ bí wọ́n bá ti gbé ìbọn wọ igbó. Ohun tó ń pe ọdẹ lórúkọ níbẹ̀ lè má jẹ́ ènìyàn, ọdẹ tó bá sì dáhùn ti fi ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bàbá gbọ́. Wọ́n mọ orúkọ wọn, wọ́n tún ń ṣọ́ ọ. Inú Àrìnpé dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ tòun ńkọ́? “Ìwọ yìí” ni wọ́n pè é. Ṣé torí igbó ni, àbí àìsàn ti mú orúkọ rẹ̀ lọ?

“Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

“Rọra tẹlẹ̀. Má wẹ̀yìn.”

Bàbá dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn láàárín àwọn tó wá wòran. Ìmọ́lẹ̀ títì ti ń tàn lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni igbó yóò ti tán, tí kò ní sí ohun tó ń dí bàbá lọ́wọ́ láti pè é ní Àrìnpé mọ́.

Ó dẹsẹ̀, kí wọ́n má bàa tètè débẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra tẹlẹ̀, bí ọmọ ọdẹ.