Òórùn Tí Ẹnìkan Ṣoṣo Ń Gbọ́

Moṣọpẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ti ki orí bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì, ó ń gbóòórùn kiri bí ajá ọdẹ. Ó tún ti dé. Òórùn gọ́tà, bí ẹyin tó ti bàjẹ́ nínú omi ìdọ̀tí.

"Dèjì! Tètè sọ̀ kalẹ̀ wá, kó tó lọ!"

Adédèjì, ọkọ rẹ̀, sáré sọ̀ kalẹ̀, ó so táwẹ́ẹ̀lì mọ́ ìbàdí, omi ìwẹ̀ ṣì ń kán lára rẹ̀. Ó dúró láàárín kíṣìnì, ó fa èémí sínú, ó tú u jáde.

"Mi ò gbọ́ òórùn kankan, Ṣọpẹ́."

"O ò gbọ́ ọ kẹ̀? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi nímú!"

"Kò sí nǹkan kan níbí." Kò wo ojú rẹ̀. "Bóyá kó o lọ sinmi díẹ̀."

Moṣọpẹ́ dìde. Kì í ṣe gọ́tà ló ń bà á lẹ́rù. Ìyá rẹ̀ ló ń rántí. Nígbà tí wọ́n wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé epo pupa ń jóná níbì kan nínú ilé. Wọ́n á yẹ ìdí iná wò, wọn ò ní bá ìkòkò kankan níbẹ̀. Wọ́n fi ṣe ẹ̀rín, wọ́n ní Màmá ti ń dàgbà. Kí ọdún tó yípo, àwọn dókítà ní Ìbàdàn sọ pé kókó kan ti wú nínú ọpọlọ rẹ̀, ó sì ti pẹ́ jù. Òórùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́ ni ikú fi kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù ni òórùn yìí ti ń wá tó ń lọ nínú ilé tí wọ́n háyà ní Becontree, ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́jọ́ kan á gba gbogbo kíṣìnì, lọ́jọ́ mìíràn kò ní yọjú rárá. Púlọ́ńbà tí lánlọ́ọ̀dù rán wá tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ síǹkì, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, ó sì ń wo Moṣọpẹ́ tàánútàánú. Kúnmi, ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì ní Leicester, ń sọ lórí fóònù pé, "Mummy, ẹ lọ rí dókítà, ẹ jọ̀ọ́." Moṣọpẹ́ ò lọ. Ohun tí èèyàn ò bá tíì gbọ́ lẹ́nu dókítà, ó dà bíi pé kò tíì ṣẹlẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún aṣọ rán ní Heathway, bí áyọ́ọ̀nù bá gbóná báyìí, á yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ṣé ìwọ náà ń gbọ́ òórùn ẹ̀?"

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Suwebat, aládùúgbò wọn, gbé búbá kan wá pé kó bá òun dín apá rẹ̀ kù. Ó dúró nínú kíṣìnì, Moṣọpẹ́ ń fi pín-ìnnì há apá aṣọ náà. Lókè, Adédèjì wẹ̀ tán, ó yọ èdídí báàfù, omi sì ń ya wálẹ̀ nínú ògiri. Ohun kan ké gọ̀-gọ̀-gọ̀ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ni òórùn náà gòkè wá.

Moṣọpẹ́ ò mira. Kò lè béèrè. Bí obìnrin yìí náà bá ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, ó ti tán nìyẹn. Ó tẹjú mọ́ imú Suwebat bí ẹni tó ń retí ìdájọ́.

Suwebat yínmú. "Ìyá Kúnmi, ẹ má bínú o. Kí ló ń rùn báyìí?"

Pín-ìnnì bọ́ lọ́wọ́ Moṣọpẹ́. "Ẹ gbọ́ ọ?"

"Ta ni ò ní gbọ́ ọ? Áà! Ṣé ekú ló kú síbí ni?"

Moṣọpẹ́ dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún. Suwebat ò mọ ohun tó fà á, ó kàn ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ kejì bo imú.

"Ohun kan ké lẹ́yìn ibẹ̀ kó tó máa rùn," Moṣọpẹ́ wí, ó ń nu ojú. "Omi báàfù ni. Ìgbà tí omi báàfù bá ń wálẹ̀ ni!"

Àwọn méjèèjì fa pátákó tó wà nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù yọ. Òórùn náà rọ́ jáde, Suwebat sì fi ìborùn bo imú, ó sá lọ sẹ́yìnkùlé. Adédèjì ti wọ aṣọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba tọ́ọ̀ṣì, ó dojúbolẹ̀.

"Mo rí i! Páìpù àtijọ́ kan ni. Àkísà ni wọ́n fi dí i lẹ́nu, àkísà náà ti jẹrà. Afẹ́fẹ́ gọ́tà ló ń gbabẹ̀ jáde." Inú rẹ̀ dùn. Ó sún mọ́ ọn sí i, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu páìpù náà.

Moṣọpẹ́, tó ti fọwọ́ dí imú tirẹ̀, wo ojú ọkọ rẹ̀. Kò fajúro. Ó ń mí bí ẹni tó jókòó sínú ọgbà òdòdó.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Dèjì. Báwo ló ṣe ń rùn?"

"Ó ń rùn... bíi gọ́tà."

"Ohun tí èmi sọ nìyẹn. Ìwọ ńkọ́, kí lo gbọ́?"

Adédèjì pa tọ́ọ̀ṣì. Ó dìde jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Láti ìgbà tí kọ̀rónà yẹn ti ṣe mí, mi ò gbọ́ òórùn ohunkóhun mọ́. Mo rò pé á padà."

"O mọ ohun tó pa ìyá mi."

"Mo mọ̀."

"O ń wò mí. Mo ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ níṣojú rẹ, o ní kí n lọ sinmi."

"Ẹ̀rù ló bà mí, Ṣọpẹ́. Kúùkù ni mí. Ta ló máa gba kúùkù tí ò gbóòórùn síṣẹ́? Ayọ̀mikún tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kíṣìnì ló ń bá mi tọ́ ọbẹ̀ wò. Mo máa ń fi ṣeré pé ẹnu rẹ̀ dùn ju tèmi lọ."

Moṣọpẹ́ fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n ohun mìíràn sọ sí i lọ́kàn. Ilé àwọn arúgbó ni Adédèjì ti ń se oúnjẹ, nítòsí Whalebone. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé kíṣìnì wọn láràárọ̀, òun ló ń tan iná.

"Tí gáàsì bá ń jò níbẹ̀ ńkọ́?"

Adédèjì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Ìyá Kúnmi, ṣé ó ti lọ?" Suwebat ké láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ó ti ń lọ," Moṣọpẹ́ dá a lóhùn. Ó mú ọ̀rá àti téèpù, ó dí ẹnu páìpù náà pinpin títí lánlọ́ọ̀dù á fi rán ẹni tó máa tún un ṣe. Ó bá Suwebat parí ọ̀rọ̀ aṣọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó padà wọlé. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níbi tó fi í sí.

Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Pe ọ̀gá rẹ."

"Lónìí Sátidé?"

"Ṣé àwọn arúgbó kì í jẹun ní Sátidé ni?"

"Tí wọ́n bá lé mi ńkọ́?"

"A ó mọ bá a ṣe máa ṣe é. Mi ò tíì dárí jì ọ́ o. Ṣùgbọ́n pè é."

Adédèjì tẹ nọ́ńbà náà. Fóònù dún, ó dún, obìnrin kan sì dáhùn. Adédèjì kí i. Ó gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀, ó na fóònù sí i.

Moṣọpẹ́ ò gbà á. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, ó sì gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn títí Adédèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fúnra rẹ̀.