Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́wàá

Nígbà tí bàbá wọn kú lọ́dún 2004, Bàbá Yíwọlá, àbúrò olóògbé, wá láti Ìlá, ó sì fẹnu pín ilẹ̀ Festac fún àwọn ọmọ méjèèjì: ẹ̀yìn àti ilé tó wà níbẹ̀ fún Akínfẹ́nwá, iwájú fún Tẹjúmádé. Gbogbo ẹbí ṣe àmín. Ní Ìlá, ta ní í bèèrè ibi tí ará ẹ̀yìn yóò gbà jáde? Àgbàlá àbúrò rẹ̀ ni yóò là kọjá, yóò sì kí i kú iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n Festac kì í ṣe Ìlá. Tẹjúmádé gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí ilẹ̀ kó lè gba ìwé tirẹ̀, akọ̀wé ibẹ̀ sì ní púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo làwọn mọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ di méjì, ará ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ dé títì, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní fífẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sì jọ fọwọ́ sí àwòrán rẹ̀.

Wàhálà dé. Apá òsì ni kòtò sókàwéè wà, mọ́tò kò sì lè gun orí rẹ̀. Apá ọ̀tún ni ṣọ́ọ̀bù tí Tẹjúmádé ti ń ránṣọ láti ọdún mọ́kànlá. Akínfẹ́nwá, tó ti ń mú àwọn èèyàn wá wo gbogbo ilẹ̀ náà láti tà á, rẹ́rìn-ín. Níwájú pásítọ̀ wọn tó wá làjà, ó ní ọjọ́ tí àbúrò òun bá rí ọ̀nà fún òun lòun máa fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Tẹjúmádé wọra, ó sunkún, ó sì nujú. Ẹni tí kò ní ìwé, àlejò ni lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ní Sátidé, ó kó máṣíìnì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Stella ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Apple Junction, ó mú bíríkìlà kan bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ gbé òòlù. Nígbà tí Akínfẹ́nwá máa jáde sí fàráńdà lọ́sàn-án, kò rí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Títì ló ń wò kedere.

Tẹjúmádé na ìwé àwòrán ilẹ̀ náà àti báírò sí i.

"Ọ̀nà yín rèé, Bọ̀dá mi. Mo ti wọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá géérégé. Ẹ fọwọ́ sí i bí ẹ ṣe sọ níwájú pásítọ̀."

"Tẹjú, ṣọ́ọ̀bù rẹ ńkọ́?"

"Mo máa kọ́ òmíràn sórí ilẹ̀ tèmi."

Tẹjúmádé dúró tì í títí ó fi fọwọ́ sí i tán.