“E ma da omi si o”

Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwáwí ni mo fẹ́ ṣe.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ló to intalọ́ọ̀kì sí ọ̀nà mọ́tò ilé mi, láti géètì títí dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Gúnrégé ni wọ́n ń pè é, torí bó bá na okùn sílẹ̀ tó to bíríkì tẹ̀lé e, èèrà tó bá rin ojú ìlà náà kò ní ṣìnà. Bíríkì pupa àti aláwọ̀ eérú, ó tò wọ́n bí eyín ọmọge. Lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, mo bọ́ bàtà kí n tó gun orí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọ bàtà yín jàre. Mọ́tò ló ń bọ̀ wá gùn ún, kì í ṣe ìyàwó tuntun.”

Ó ku gọ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kò tíì là. Ó ní òun ń lọ parí iṣẹ́ kan lọ́nà jíjìn, òun yóò padà wá là á. Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi: “E ma da omi si o. Mo n bo losu to n bo.”

Mo kà á, mo sì ṣe bó ṣe wí. Ta ni kò mọ̀ pé símẹ́ǹtì tuntun a máa mu omi bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń mu ọmú? Láàárọ̀, mo fa rọ́bà omi jáde. Nírọ̀lẹ́, mo tún fà á. Ilẹ̀ rin gbingbin.

Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ohun tó pupa ti dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sú bo àárín, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bí ọṣẹ hù sí eteetí. Bí mo bá tẹ bíríkì kan, omi á sun jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹnu mi tí kì í sùn tẹ́lẹ̀ wá dìde dúró. Mo ya fọ́tò, mo jù ú sórí Wasáàpù àdúgbò: “Iṣẹ́ Gúnrégé rèé o! Gún kò sí níbẹ̀, régé ti yọ̀ ṣubú. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ilé rẹ̀ di àbàtà, kó pè é.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti ṣèlérí pé Gúnrégé ni yóò to gbogbo ojúde ilé ìwé òun náà wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò mi pé, “Ẹ ṣeun tí ẹ là wá lójú.” Ó sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tí àbúrò mi ti ń fojú sọ́nà fún láti ọdún tó kọjá nìyẹn.

Oṣù pé, ó dé. Ó kí mi, mo nàka sí ilẹ̀. Ó lóṣòó, ó fi ìka kan bíríkì, ó wá wo rọ́bà omi tó ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń da omi sí i ni?”

“Mo dà á! Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́! Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kí n máa dà á ni, àbí orí rẹ ti dàrú?”

“Èmi kẹ̀? Amọ̀ ló wà lábẹ́ ibí, n kò sì tíì la gọ́tà. Ibo ni omi náà fẹ́ gbà jáde? Mo ní ẹ má dà á.”

“Irọ́ ńlá! Ó wà nínú fóònù mi!”

Mo fa fóònù yọ bí ẹni fa idà. Mo kà á sókè: “Ẹ máa da omi sí i o.”

“Ẹ tún un kà.”

Mo tún un kà, ó yà sí ọ̀nà méjì. Ẹ má. Ẹ máa. Bákan náà ni méjèèjì nínú ohun tó tẹ̀, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀.

N kò lọ sílé ìwé. Ara ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń wé ọṣẹ ni mo ti kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, èmi náà ni mo sì kọ́ àbúrò mi, nílé ìdáná ìyá wa. Nígbà tó bi mí pé kí ni àwọn igi wẹ́wẹ́ orí lẹ́tà wà fún, mo ní, “Ìgbẹ́ eṣinṣin ni. Fò ó. Ẹni tó bá gbọ́n á mọ ohun tí ò ń wí.”

“Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ mi, ẹ̀gbọ́n,” ló wí. Kò pariwo. Ó gbé ṣọ́bìrì, ó la gọ́tà náà tán lọ́jọ́ yẹn, ó sì lọ.

Mo kọ òtítọ́ sórí Wasáàpù kan náà: èmi ni mo jẹ̀bi, ẹnu mi ló yá jù. Gbogbo àdúgbò ló rẹ́rìn-ín nígbà ẹ̀sín. Ẹni méjì péré ló dáhùn sí òtítọ́. Mo sáré tọ ọ̀gá ilé ìwé lọ. Ó ní, “Ìyá, àwọn tó gbà á ti da yanrìn sílẹ̀.”

Ọ̀nà mọ́tò mi ti gbẹ báyìí. Àwọ̀ rẹ̀ padà, àfi igun kan lẹ́bàá géètì. Gúnrégé kò wá wò ó. Mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo ní kí ọmọ ilé ìwé kan kọ́ mi, mo sì fi gbogbo àmì sí i lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń to bíríkì. Ó di ọjọ́ kẹta kó tó dáhùn:

“E ma pe mi.”

Mo ti kà á lọ́nà méjèèjì. Lọ́nà kan, ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Lọ́nà kejì, ó tì í. Èmi tí n kò bẹ̀rù ọlọ́pàá, tí n kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, mo jókòó sórí bíríkì tó tò, fóònù wà lọ́wọ́ mi, mo gbé ìka lé orúkọ rẹ̀, mo tún gbé e kúrò.