Ilẹ̀kùn Àárín Yàrá Méjì

Apòògùn ni ọmọ ọmọ mi obìnrin fẹ́ dà, kẹ́mísírì ló wá dábùú ọ̀nà. Ó ti fìdí rẹmi níbẹ̀ rí. Bó bá tún fìdí rẹmi, ilé-ẹ̀kọ́ á ní kó máa lọ sílé.

“Ìyá àgbà, wọ́n ní nǹkan méjì ń yí di ara wọn, tìhín ń di tọ̀hún, tọ̀hún ń di tìhín, wọn ò sinmi, síbẹ̀ ìwọ̀n wọn dúró. Kí ni kì í sinmi tó tún dúró?”

Kí lèmi mọ̀? Orin ni mo mọ̀. Mo ní n ṣáà wá ìdákẹ́jẹ́ fún un.

Yàrá mi ló ń lò, torí ibẹ̀ nìkan ni fáànù wà. Ilẹ̀kùn kan ló so ó mọ́ yàrá àbúrò mi, aránṣọ. Àwọn ọmọ ilé kò yé gba ibẹ̀ wọlé, jáde. Mo lé wọn sọ́hùn-ún; kí n tó jókòó, wọ́n ti padà.

Ni mo bá gbọ́n àgbọ́njù. Mo ké sí àwọn ọmọ aládùúgbò, mo dà wọ́n sí yàrá àbúrò mi, pé kí tiwa tẹ̀ lé wọn lọ ṣeré.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti ya wèrè ni?”

“Dákẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ń pariwo jù wọ́n lọ!”

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ya wọ ọ̀dọ̀ wa bí omi. Ọmọ ọmọ mi káwọ́ lérí. Èmi náà, nígbà tí ọgbọ́n tán, mo fi í kọrin:

Ẹ wọlé, ẹ jáde,
Ẹ pọ̀, ẹ kéré,
Méjì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n,
Ọ̀kan lọ́dọ̀ àbúrò!

Ó gbórí sókè. “Ẹ tún un kọ!” Ó ń wo ilẹ̀kùn. Bí ọ̀kan ṣe ń wọlé lòmíì ń jáde. Wọ́n ti pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n méjì sí ọ̀kan yẹn ò yẹ̀, bó ṣe wà kí n tó kó ẹnikẹ́ni wá.

Ibẹ̀ ni iná lọ. Fáànù dákẹ́, ooru mú. Àwọn ọmọ ń bọ́ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ títí yàrá méjèèjì fi dọ́gba.

Ọmọ ọmọ mi fò sókè. “Ooru! Pípọ̀ wọn ò yí ìwọ̀n náà padà, ooru ló yí i!”

Àbúrò mi yọjú. “Ta ló tún ya wèrè?”

“Kì í ṣe wèrè,” mo ní, “kẹ́mísírì ni.”

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọmọ ọmọ mi délé, ó ní òun kọrin sókè nínú gbọ̀ngàn. Mo káwọ́ lérí: mo ti ba tọmọ jẹ́!

“Olùṣọ́ ìdánwò ní kí n panu dé, kí n fi bíírò kọ orin náà.”

Ó yege! Olùkọ́ rẹ̀ bi í pé ìwé wo ló ti ka ti yàrá méjì yẹn.

Àbúrò mi ní tí wọ́n bá nílò ìwé náà, kí wọ́n tètè wá kó àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti yàrá òun.