Wọ́n Ní Kó Máa Lọ Sílé

Dókítà tó yẹ Bàbá Ọláníyan wò ní Ìkìrun kò fọ̀rọ̀ pamọ́ fún un. Ó ní jẹjẹrẹ tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ rẹ̀ kéré, ó sì ń rìn bí ìgbín. "Bá a bá kánjú gé e, wàhálà tí yóò dá sílẹ̀ lè ju tiẹ̀ lọ. Ẹ máa lọ sílé, Bàbá. Ẹ máa wá lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, ká jọ máa ṣọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yé Bàbá, àmọ́ kò yé ará Inísà, ìlú rẹ̀. Lọ́dún 1994 yẹn, ẹni tí ọsibítù bá ní kó máa lọ sílé láìfún un lóògùn, gbogbo ayé ló mọ ohun tó ń bọ̀. Bàbá ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ fẹ́ bó, wọ́n kàn ń mirí ni.

Kò pẹ́ tí Dúródọlá, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ní Òkukù, fi kó àwọn akunlé dé. Láti ọjọ́ tí ọ̀dà ara ògiri ilé Bàbá ti ń ṣí, ojú rẹ̀ ò tó o, àfi ìgbà yìí. Ta ni kò mọ̀ pé ilé tí wọ́n fẹ́ fi gbàlejò ìsìnkú ni wọ́n ń kùn bẹ́ẹ̀? Ó dun Bàbá wọra. Iṣẹ́ káfíńtà tó ń ṣe náà dá páropáro, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí pákó òun há sílé òkú.

Ó ku Morákinyọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí wọ́n jọ ń ta ayò lábẹ́ igi òdán. Tí Morákinyọ̀ bá jẹ, á pe ara rẹ̀ ní ọ̀ta ayò, á sì pariwo mọ́ Bàbá pé "Òpè lásánlàsàn!" títí gbogbo àdúgbò á fi gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Bàbá ti ti Ìkìrun dé, Bàbá nìkan ló ń jẹ.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, dókítà ní nǹkan náà ò kúrò lójú kan. Bí Bàbá ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, abẹ́ igi òdán ló yà sí.

"Ó ní bó ṣe wà náà ló wà."

"A dúpẹ́." Morákinyọ̀ ò gbójú sókè. Ó gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀.

Èébú òpè yẹn ń wu Bàbá gbọ́. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á jẹ́ kí Morákinyọ̀ na òun lónìí. Ó ń fi ọmọ ayò sílẹ̀ gbayawu, Morákinyọ̀ rí wọn, kò jẹ wọ́n, òun náà ń fi tiẹ̀ sílẹ̀. Àgbàlagbà méjì ń du àtipàdánù, títí ọmọ ayò fi kóra jọ sọ́dọ̀ Bàbá tipátipá.

"Morákinyọ̀, mi ò tíì kú o."

"Ọ̀ta," ni Morákinyọ̀ wí jẹ́jẹ́. "Ìwọ náà lo tún jẹ."