Yàrá Àwọn Ọmọ Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ṣadé ọ̀rẹ́ mi, gbọ́ ohun tójú mi rí lóru àná. Mo lá àlá pé èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá tá a fẹ́ fi lọ ìsinmi. Ọkùnrin tó ń pín yàrá bi mí pé, "Ṣé kí àwọn ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni?" Yéwándé tó ń múra àtiwọ yunifásítì ní, "Màmá, a ti dàgbà. Ẹ jẹ́ ká wà lọ́tọ̀." Mo gbà.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo bá ara mi lẹ́nu ọ̀nà wọn. Omi òkun ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo kàn án títí, kò dún, àfi bí ẹni ń lu tìmùtìmù. Yéwándé ń rẹ́rìn-ín nínú lọ́hùn-ún: "Màmá, ẹ lọ sùn, kò sí nǹkan kan." Ohùn náà bá di ti ọmọ ọwọ́ tó ń ké. Mo ké sí ọkọ mi. Ó ní, "Ọmọ wo? Ṣebí àwa méjì la wọ ọkọ̀."

Igbe ara mi ló jí mi. Mo sáré lọ fọwọ́ kan iwájú orí wọn. Wọ́n ń sùn. Òní lọkọ mi fẹ́ sanwó ìrìn àjò ọkọ̀ ojú omi tá a ń múra fún ní tòótọ́. Ó ń bi mí pé yàrá wo la máa mú fún wọn.